Ọ̀sẹ̀ rọ́gbì àwọn ọmọdé l'Abẹ́òkúta: láti Kútọ̀ dé Adígbẹ

Ọjọ́ Ajé: Kútọ̀ àti Ìtòkú

Ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ oṣù kẹrin ni a mú fún ìrìn yìí, torí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ, ilẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò tíì ju ọdún 16 lọ ló wà nínú rẹ̀, láti àdúgbò mẹ́rin: Ìdí-Abà, Ọbáńtokò, Láfẹ́nwá àti Adígbẹ. Ohun tí gbogbo wọn ń retí ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta láàárín Ìdí-Abà àti Ọbáńtokò. Àwọn ọmọ Ọbáńtokò ń pe àwọn ti Ìdí-Abà ní "ọmọ orí àpáta". Àwọn yẹn náà ń pè wọ́n ní "ọmọ inú koríko". Kì í ṣe èébú. Pápá tí oníkálukú ti ń gbáradì ni wọ́n ń sọ, pápá yẹn gan-an ló sì bí ìyàtọ̀ tó wà nínú eré wọn.

Kútọ̀ ni a ti to ẹrù, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń yà sí gbogbo ìhà ìlú. Pápá ìṣeré MKO Abiola wà níbẹ̀, èyí tó gbàlejò ìdíje eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà ní oṣù karùn-ún 2025. Ṣùgbọ́n inú pápá ńlá kọ́ ni rọ́gbì ọmọdé ń gbé. Pápá ilé-ẹ̀kọ́ àti ilẹ̀ gbalasa àdúgbò ni. Nítorí náà, gbogbo ohun tí a máa lò gbọ́dọ̀ wọ inú kọ́rọ́pẹ̀ kan ṣoṣo, pẹ̀lú kóòṣì méjì níwájú.

Ohun tí a dì rèé: bọ́ọ̀lù size 4 mẹ́wàá, size 5 mẹ́rin, kóònù 40, bíìbù àwọ̀ méjì, fèrè méjì, téèpù ìwọ̀n mítà 50, okùn mítà 12 tí a ta kókó sí ní mítà kọ̀ọ̀kan, pọ́ǹpù tó ní ojú ìwọ̀n, abẹ́rẹ́ bọ́ọ̀lù márùn-ún, ìwọ̀n tí ènìyàn ń gùn, sùkùdíráfà gígùn kan, àti àpótí ìtọ́jú. Abẹ́rẹ́ márùn-ún kò pọ̀ jù. Bí wọ́n bá kì í bọ ẹnu bọ́ọ̀lù ní gbígbẹ, ó máa ń kán síbẹ̀, tàbí kó ya rọ́bà ẹnu náà, bọ́ọ̀lù yẹn sì parí nìyẹn. Ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó kì í.

Ìwọ̀n bọ́ọ̀lù ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Bí wọ́n ṣe ń lò ó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, size 3 wà fún àwọn ọmọ kéékèèké, size 4 bẹ̀rẹ̀ láti ipele abẹ́ ọdún 10 títí dé abẹ́ ọdún 14, size 5 sì ni láti abẹ́ ọdún 15 lọ. Ẹ gbé size 5 fún ọmọ ọdún 11, ẹ ó rí i pé apá méjèèjì ló máa fi gbá a mọ́ àyà, tí á sì máa sáré lọ láìwo ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe anìkànjọpọ́n ni ọmọ náà. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò ká bọ́ọ̀lù. Ẹ dín bọ́ọ̀lù kù, ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ọ̀lù fún ẹnìkejì lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Afẹ́fẹ́ inú bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ wà láàárín 9.5 sí 10 psi lójú ìwọ̀n pọ́ǹpù. Orí pápá ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, ẹ má wọ̀n ọ́n nílé. Bọ́ọ̀lù tó bá jókòó sínú ọkọ̀ lábẹ́ oòrùn ọ̀sán Abẹ́òkúta máa ń le sí i, á sì máa ta kúrò lọ́wọ́ ọmọ.

Lọ́sàn-án, a yà sí Ìtòkú fún àjákù aṣọ. Àwọn ọmọ abẹ́ ọdún 12 kì í tákù, ìyẹn dídì ẹni tó mú bọ́ọ̀lù mú láti dá a lulẹ̀. Rọ́gbì oní-tag ni wọ́n ń gbá, níbi tí fífa aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ yọ ní ìbàdí ti rọ́pò dídá ẹni lulẹ̀. Àjákù àdìrẹ aláró fún ẹgbẹ́ kan, àjákù ańkárá pupa tàbí òféèfèé fún èkejì. Ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 5 ní fífẹ̀ àti 40 ní gígùn, ẹ ṣẹ́ ẹ po méjì kí ẹ tó rán an kó má baà fàya, kí ẹ sì fi sẹ̀ǹtímítà 10 péré bọ inú ìgbànú ṣòkòtò, ọ̀kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ẹ yẹ ìbàdí ọmọ kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó fọn fèrè. Ọmọ tó bá fẹ́ gba ìborí á ta kókó sí abẹ́ ìgbànú. Ẹni tó bá wá fà á á fa ṣòkòtò pẹ̀lú, àwọn méjèèjì á sì jọ ṣubú sórí ilẹ̀ líle.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Ìdí-Abà

Aago méje àárọ̀ la dé ibẹ̀. Pápá náà jẹ́ ilẹ̀ pupa tó ní yangí, àpáta kan sì yọrí sókè ní igun ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Ẹni tó bá mọ Abẹ́òkúta mọ̀ pé àwọn baba ńlá wa kò wá pápá ìṣeré nígbà tí wọ́n tẹ ìlú yìí dó ní 1830. Ibi ìsásí ni wọ́n wá, àpáta ló sì gbà wọ́n là. Gbogbo kóòṣì tó bá ń ṣiṣẹ́ níbí gbọ́dọ̀ gbà pé àpáta wà, kó sì ṣètò yí i ká.

Bí a ṣe ń dán ilẹ̀ wò: a máa fi ọwọ́ lásán ti sùkùdíráfà wọlẹ̀ ní ibi mẹ́wàá, ní àárín pápá, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ní iwájú ibi tí a ó ri òpó sí, àti níbi tí ẹsẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí kò bá wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 ní ibi tó ju méjì lọ, kò sí tákù lórí pápá yẹn lọ́jọ́ náà. Òfin tiwa nìyẹn, a kì í sì í yí i padà nítorí pé òbí ti wá wòran. Ní Ìdí-Abà, ibi mẹ́fà ni kò wọlẹ̀. A fi tag ṣe gbogbo iṣẹ́ àárọ̀, títí kan ti àwọn ọmọ ọdún 15.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ṣíṣa òkúta. Àwọn ọmọ 12 máa dúró ní ìlà kan, wọ́n á na apá sí ẹ̀gbẹ́ títí ìka á fi kan ìka, wọ́n á sì rìn láti òpin kan dé èkejì, wọ́n á yí, wọ́n á tún padà. Ìdérí ìgò, wáyà, àfọ́kù ìgò àti yangí ni wọ́n ń ṣà jù. Ìlà ẹlẹ́ẹ̀kejì gbọ́dọ̀ dábùú ti àkọ́kọ́, torí àfọ́kù ìgò tó fi ẹ̀gbẹ́ hàn fún ẹni tó ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn kì í hàn sí ẹni tó ń bọ̀ láti gúúsù.

Pápá rọ́gbì gidi gùn tó mítà 94 sí 100 láti ìlà góòlù dé ìlà góòlù, ó sì fẹ̀ tó mítà 68 sí 70. Ìwọ̀nba pápá ilé-ẹ̀kọ́ ló tó bẹ́ẹ̀. Fún àwọn ọmọ, mítà 60 ní gígùn àti 40 ní fífẹ̀ ti tó, pẹ̀lú mítà 6 lẹ́yìn ìlà góòlù fún gbígbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Okùn oníkókó ni a fi ń mú igun rẹ̀ tọ́: mítà 3 ní ìhà kan, 4 ní ìhà kejì, 5 láti so wọ́n pọ̀. Bí òpin okùn bá pàdé, igun náà gún. Kóòṣì tó bá fojú wọ̀n ọ́n máa ń ya pápá tó wọ́, tí àríyànjiyàn lórí ìlà á sì tẹ̀ lé e.

Òfin àgbáyé ní kí ó kéré tán mítà 5 wà ní òmìnira yí pápá ká. Nítorí àpáta igun yẹn, a yí gbogbo pápá sí ìhà ìlà-oòrùn. Ó gbà wá ní ìdajì wákàtí, ó sì tọ́ sí i.

Lẹ́búlẹ́bú pákó láti ibi tí wọ́n ti ń la igi ni a fi ya ìlà. Àpò mẹ́ta tó pápá ọmọdé kan. Ẹ má lo sìmẹ́ǹtì, ẹ má sì lo ẹfun tí wọ́n fi ń kun ilé: bó bá kó sójú ọmọ tó ṣubú sórí ìlà, ó máa ń jó ojú náà.

Lẹ́yìn náà ni a wo bí wọ́n ṣe ń gbá a. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ilẹ̀ máa bó òun ní orúnkún kì í jẹ́ kí ọwọ́ kàn òun. Àwọn ọmọ Ìdí-Abà ń ju bọ́ọ̀lù kí alátakò tó dé mítà méjì sí wọn. Ìjù wọn kúrú, ó yá, ó sì máa ń balẹ̀ sí iwájú àyà ẹni tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, torí ọwọ́ kò gbọdọ̀ ju bọ́ọ̀lù síwájú nínú rọ́gbì. Nínú àdúgbò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a lọ, kò sí ẹgbẹ́ tí ọwọ́ wọn mọ́ tó tiwọn. Ohun tó kù wọ́n kù ni ìgboyà láti wọ inú ènìyàn. Ẹnikẹ́ni kò lè kọ́ wọn ní ìyẹn lórí yangí.

Ohun kan tún wà: bọ́ọ̀lù máa ń ta sókè dáadáa lórí ilẹ̀ líle. Nítorí náà wọ́n mọ drop-kick gan-an, ìyẹn jíjẹ́ kí bọ́ọ̀lù kan ilẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó gbá a. Èyí máa ní ìtumọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ọjọ́rú: Ọbáńtokò

Koríko wà níbí, sùkùdíráfà sì wọlẹ̀ dé ìdí ní ibi mẹ́sàn-án. Pápá náà fẹ̀. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń sáré gba ẹ̀gbẹ́, wọ́n ń ti ara wọn láìbẹ̀rù, wọ́n sì ń ṣubú tẹ̀rín-tẹ̀rín. Àléébù wọn ni pé wọn kì í tètè ju bọ́ọ̀lù. Wọ́n á dúró títí alátakò á fi dì wọ́n mú, bọ́ọ̀lù á sì di sí abẹ́ òkìtì ènìyàn.

Tákù ni iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí àwọn òbí ń bẹ̀rù jù nìyẹn, ìdí sì wà fún ẹ̀rù wọn. Ẹni tó ń tákù ló sábà máa ń fi orí gbọgbẹ́ ju ẹni tí wọ́n tákù lọ, nítorí pé orí rẹ̀ ló máa ń wà níbi tí kò yẹ kó wà.

Ṣíṣubú ni a kọ́kọ́ kọ́ wọn. Àgbọ̀n á lẹ̀ mọ́ àyà, bọ́ọ̀lù á wà ní àyà lábẹ́ apá méjèèjì, itan á kọ́kọ́ kan ilẹ̀, lẹ́yìn náà ìdí, lẹ́yìn náà ejìká. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ nà sílẹ̀ láti gba ara dúró. Ọmọ tó bá na ọwọ́ ló máa ń kán ọrùn-ọwọ́, tàbí kí agbára ìṣubú náà gba apá lọ dé eegun òkè àyà. Ogún ìgbà ní ìhà ọ̀tún, ogún ní ìhà òsì, láìsí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ìhà òsì máa ń burú jù fún ọ̀pọ̀ wọn, ibẹ̀ ni kí ẹ sì pẹ́ sí.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn méjì-méjì á kúnlẹ̀ kojú ara wọn, mítà kan láàárín wọn. Ẹni tó ń tákù á fi ejìká sí itan ẹnìkejì, á sì di apá méjèèjì mọ́ ọn lẹ́yìn. Nígbà tí gbogbo wọn bá ti ṣe é láìdijú, ẹni tó mú bọ́ọ̀lù á dìde, á máa rìn. Ẹni tó ń tákù á ṣì kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan. Lẹ́yìn náà àwọn méjèèjì á máa rìn. Sísáré ló kẹ́yìn, ọ̀pọ̀ wọn kò sì dé ibẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kò burú.

Ohun mẹ́ta ni a ń wò. Ẹsẹ̀ tó sún mọ́ alátakò jù gbọ́dọ̀ balẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà kan sí i. Ẹni tó bá fò láti ọ̀nà jíjìn á ṣubú kó tó débẹ̀, á sì fi ojú gba orúnkún. Ojú gbọ́dọ̀ là títí ejìká á fi kan ara. Orí sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ẹni tó mú bọ́ọ̀lù, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó ń tákù lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Bí orí bá bọ́ síwájú, ìbàdí tàbí orúnkún tó ń sáré bọ̀ á gbá a ní ìpàkọ́ tàbí ẹ̀bátí. A máa ń dá gbogbo ìdánrawò dúró nígbàkígbà tí a bá rí orí kan níwájú. A kì í kígbe mọ́ ọmọ náà. A máa ní kó padà sórí orúnkún.

Òfin ka gbogbo tákù tó bá ga ju ejìká lọ sí ẹ̀ṣẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù keje 2023, ẹgbẹ́ alákòóso wọn ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ eegun àyà fún gbogbo eré tí kì í ṣe ti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Ìwọ̀n yẹn ni a ń lò. Ó rọrùn láti fi han ọmọ: ibi tí ọwọ́ rẹ bá ti kan ikùn rírọ̀ lábẹ́ eegun, ibẹ̀ ni òkè rẹ̀.

Gbogbo wọn gun ìwọ̀n kí a tó pín wọn sí méjì-méjì. Ọjọ́ orí nìkan kò tó. Àwọn ọmọ ọdún 14 méjì lè wà tí ọ̀kan jẹ́ kìlógíráàmù 38, tí èkejì jẹ́ 61. Bí ìyàtọ̀ bá ju 10 lọ, a kì í fi wọ́n dánra wò pọ̀. Ẹni tó fúyẹ́ máa ń kọ́ ìbẹ̀rù, ẹni tó wúwo sì máa ń kọ́ ìwà ọ̀lẹ, torí ó máa ń fi ara lásán bo àṣìṣe ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀.

Rọ́bà ìdáàbòbò eyín: èyí tí wọ́n ń ki bọ omi gbígbóná kí wọ́n tó gé e jẹ sí ìrísí eyín ló dára. Ẹni tí kò ní i kò ní tákù. Wọ́n lè máa ju bọ́ọ̀lù ní ẹ̀gbẹ́ títí wọ́n á fi rí i rà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnìkan yá ẹnìkejì.

Ọjọ́bọ̀: Láfẹ́nwá

Ìrìn kúkúrú ni. A gba afárá Odò Ògùn kọjá, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì jẹ wákàtí kan. Ilẹ̀ oníyanrìn la bá. Ó dára fún tákù orí orúnkún, ó sì burú fún eré sísá, torí ó máa ń mú iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ kíákíá. Ìṣẹ́jú 40 ni a ṣe níbẹ̀ dípò 70.

Òjò ṣú láàárọ̀ yẹn. Ìlànà wa lórí mànàmáná kò ní àtúnṣe: bí mànàmáná bá kọ, ẹ máa kà. Bí àrá bá sán kí ẹ tó ka 30, gbogbo ènìyàn á kúrò lórí pápá sínú ilé tàbí ọkọ̀, wọn kò ní dúró sábẹ́ igi. Ẹ kò ní padà títí ìṣẹ́jú 30 á fi kọjá lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn. A ka 22. A kó ẹrù, a sì fi àkókò tó kù kọ́ àwọn ọmọ ní àmì ọwọ́ rẹfirí nínú ìyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan.

Ọjọ́ Ẹtì: Adígbẹ

Láàárọ̀, scrum fún àwọn ọmọ abẹ́ ọdún 16, ìyẹn kí ẹgbẹ́ méjèèjì fi ejìká kọ ara wọn láti du bọ́ọ̀lù. Fún ipele abẹ́ ọdún 19, òfin àgbáyé ti dín agbára rẹ̀ kù: ẹgbẹ́ kan kò gbọdọ̀ ti èkejì ju mítà 1.5 lọ, wọn kò sì gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ yí scrum po. Ọrùn ni wọ́n ń dáàbò bò. A kò tíì ní ọmọ tí ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbáradì tó fún ìlà iwájú, nítorí náà scrum oní-mẹ́ta ti sevens, rọ́gbì tí ènìyàn méje-méje ń gbá, ni a lò, láìsí títì rárá. Ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ tẹ́, orí gbọ́dọ̀ ga ju ìbàdí lọ, ọwọ́ gbọ́dọ̀ di aṣọ ẹ̀yìn mú, kì í ṣe aṣọ apá. Ìgbà tí ìbàdí bá ga ju ejìká lọ ni scrum máa ń wó, orí ló sì máa ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀.

Àwọn ọmọ Adígbẹ pọ̀ ní ẹsẹ̀ yíyá, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń sáré tọ bọ́ọ̀lù. Ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ gbọ́dọ̀ dúró ní ẹ̀gbẹ́, mítà 5 sí ìlà, títí bọ́ọ̀lù á fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Adedayo Adebayo, tí wọ́n bí ní Ìbàdàn ní 1970, ipò yìí ló gbá fún ẹgbẹ́ Bath àti ikọ̀ England. Ó wà nínú ikọ̀ England tó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé rọ́gbì sevens àkọ́kọ́ ní Edinburgh ní 1993. Andrew Harriman, tí wọ́n bí ní Èkó, ni balógun ikọ̀ náà. Nígbà tí a sọ èyí fún wọn, ọmọ kan béèrè bóyá Yorùbá ni lóòótọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó kúrò ní ẹ̀gbẹ́ mọ́.

Eré sevens yìí fúnra rẹ̀, ìlú kékeré ló bí i, ní Melrose ní Scotland, ní 1883, Melrose sì na Gala, aládùúgbò rẹ̀, níbi ìdíje àkọ́kọ́ náà. Orogún láàárín àwọn aládùúgbò ló gbé eré yìí dìde. Kò yẹ ká máa sá fún un l'Abẹ́òkúta. Ẹ jẹ́ ká kàn ṣètò rẹ̀ dáadáa ṣáájú.

Ìṣètò yẹn ni a ṣe ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú kóòṣì àdúgbò méjèèjì, alága ẹgbẹ́ onílé Ọbáńtokò tí wọ́n ni ilẹ̀, àti ìyá ọmọ méjì láti ìhà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ló gba àkókò jù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máà bínú, ẹ jẹ́ ká rí ìwé ọmọ yín yìí." Ìwé ìbí àti káàdì àbájáde ilé-ẹ̀kọ́ ni a ń béèrè, méjèèjì. Ọmọ tí kò bá ní èyíkéyìí á gbá ní ipele tó ga ju èyí tó sọ pé òun wà lọ. Kò sí ẹni tí a pè ní òpùrọ́, kò sì sí ọmọ tí a lé padà sílé. Ọgbọ́n yìí ti parí ìjà púpọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n fẹnu kò pé rẹfirí á wá láti Adígbẹ, kò ní wá láti àdúgbò méjèèjì tó ń díje. Balógun nìkan ló lè bá a sọ̀rọ̀, "Sà" ni á sì máa pè é. Okùn á wà ní mítà 5 sí ìlà, gbogbo olùwòran á dúró lẹ́yìn rẹ̀, títí kan àwọn bàbá. Olùgbàlejò ló ń mú bọ́ọ̀lù wá, kóòṣì méjèèjì á sì jọ wọ̀n ọ́n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: Ọbáńtokò

Aago méje ààbọ̀ ni a bẹ̀rẹ̀, kí oòrùn tó mú. Omi inú ọ̀rá, àpò mẹ́fà. Àpò kan ní ọ̀rá 20, ọ̀rá kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50cl, ọmọ kan sì nílò méjì ó kéré tán. Ọparun ni òpó góòlù. Mítà 5.6 láàárín wọn, igi ìdábùú ní mítà 3 sókè, tìmùtìmù àtijọ́ tí a fi tapólíìnì wé ni a dì mọ́ ìsàlẹ̀ wọn.

Tag abẹ́ ọdún 12 lọ wẹ́rẹ́. Ìdí-Abà ló borí, bí a ti retí, torí eré ọwọ́ ni. Ọbáńtokò gba ti abẹ́ ọdún 14, try (gbígbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ lẹ́yìn ìlà góòlù) mẹ́rin sí méjì.

Abẹ́ ọdún 16 ni ènìyàn wá wò. Ọmọ 12 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, méje lórí pápá, márùn-ún níta, ìṣẹ́jú 7 fún abala kọ̀ọ̀kan, ìsinmi ìṣẹ́jú 2. Try jẹ́ àmì 5, conversion, ìyẹn gbígbá bọ́ọ̀lù kọjá lórí igi ìdábùú lẹ́yìn try, jẹ́ 2. Nínú sevens, drop-kick ni wọ́n fi ń gbá conversion.

Ní abala àkọ́kọ́, Ìdí-Abà gba try méjì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin. Bọ́ọ̀lù ń kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́ kí ẹnikẹ́ni tó lè dì wọ́n mú, ìkejì sì kọjá lọ́wọ́ ọmọ mẹ́fà kó tó kan ilẹ̀. Àwọn ọmọ Ọbáńtokò ń fi ara jù sí ibi tí bọ́ọ̀lù ti kúrò. Kóòṣì wọn ṣe ohun tó tọ́ ní àkókò ìsinmi: ó ní kí wọ́n má ṣe sá lọ pàdé wọn mọ́, kí gbogbo ìlà jọ tẹ̀ síwájú ní ìrìn kan náà, kí ẹni tó wà ní òpin ìlà má sì wọlé. Láti ìgbà náà, àyè tán fún ìjù kúkúrú. Àwọn ọmọ Ìdí-Abà wá ní láti wọ inú ènìyàn, tákù wọn kò sì tíì dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n di aṣọ mú dípò itan, try méjì ni wọ́n fi san án.

Try parí sí mẹ́ta-mẹ́ta. Ọbáńtokò borí ní 19 sí 17, conversion kan ṣoṣo ló sì fa ìyàtọ̀ náà. Agbábọ́ọ̀lù Ìdí-Abà tó máa ń gbá a wọlé lójú oorun lórí ilẹ̀ líle gbá méjì tó kọjá lábẹ́ igi ìdábùú. Lórí koríko, bọ́ọ̀lù kì í ta sókè tó. Ẹsẹ̀ tó ti mọ́ra pẹ̀lú yangí máa ń dé kí bọ́ọ̀lù tó gbéra. Ẹni tó bá ń lọ gbá lórí koríko àlejò gbọ́dọ̀ ya ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ́tọ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Kó ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ láti ibi gíga díẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ tẹ ojú koríko kan mọ́lẹ̀, kó sì dúró kí bọ́ọ̀lù gbéra tán. Òfin kò ní kí wọ́n gbá a láti ìdí òpó. Wọ́n lè padà sẹ́yìn ní ìlà tààrà láti ibi tí try ti balẹ̀, títí wọ́n á fi rí ibi tí koríko ti fẹ́ẹ́rẹ́.

Ní ìṣẹ́jú kẹfà abala kejì, ọmọ Ìdí-Abà kan tákù pẹ̀lú orí níwájú. Ó dìde, ó ní kò ṣe òun ní nǹkan kan. Rẹfirí dá eré dúró. Kóòṣì bi í pé: "Níbo la wà yìí? Abala wo la wà? Ta ló gba try kẹ́yìn?" Ó dáhùn méjì, kò rí ìkẹta dá. Ó jáde, kò sì padà. Bí ọmọ bá dáhùn gbogbo rẹ̀ ṣùgbọ́n tí orí ń fọ́ ọ, tí òòyì ń kọ́ ọ, tàbí tí ojú rẹ̀ ṣú, ó gbọ́dọ̀ jáde bákan náà. Bí ó bá bì, bí orí fífọ́ bá ń le sí i, tàbí bí oorun bá ń gbé e lọ tí wọ́n kò lè jí i dáadáa, ilé-ìwòsàn ni, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Lẹ́yìn eré, àwọn méjèèjì jọ jẹun, ìrẹsì Ọ̀fàdà àti ọbẹ̀ ata tí àwọn ìyá dáná. Oníkálukú jókòó ti ẹni tó gbá ipò kan náà ní ìhà kejì. Àṣà rọ́gbì nìyí níbi gbogbo, ó sì yẹ kó le bí òfin fún àwọn ọmọ tí wọ́n máa tún pàdé nínú kọ́rọ́pẹ̀ kan náà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Ajé.

Ọjọ́ Àìkú

A fi omi àti ọṣẹ fọ bọ́ọ̀lù, a gbẹ wọ́n sí ibòji, a sì tú afẹ́fẹ́ wọn sílẹ̀ díẹ̀ kí a tó kó wọn pamọ́.

A lọ kí ọmọ tó fi orí gba tákù nílé rẹ̀, a sì kọ ìlànà sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀: ìsinmi wákàtí 24 sí 48 láìsí fóònù lọ títí, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn díẹ̀díẹ̀, sísáré lẹ́yìn tí orí kò bá fọ́ mọ́, jíju bọ́ọ̀lù láìsí tákù lẹ́yìn ìyẹn, dókítà á sì rí i kó tó padà sínú tákù. Kò ní gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kankan kí ọjọ́ 21 tó pé. Bí àmì kankan bá padà, kó padà sí ìpele tó ṣáájú.

Ìdí-Abà ló máa gbàlejò ìpadàbọ̀ eré náà, ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, lẹ́yìn tí ọjọ́ 21 ọmọ náà bá ti pé. Bí òjò kò bá tíì rọ tó, tí sùkùdíráfà kò sì wọlẹ̀, tag ni gbogbo ipele máa gbá. Àwọn kóòṣì méjèèjì ti fọwọ́ sí i. Láàárín àkókò yìí, Ìdí-Abà á máa wá dánra tákù wò lórí koríko Ọbáńtokò ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́rú, aago mẹ́rin, kìlógíráàmù sí kìlógíráàmù, orí lẹ́yìn.